Orí Ta Ni A Fi Ń Mu Ọtí Yìí?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú pálọ̀ kan ní Òkè-Sopin, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àbúrò bàbá mi obìnrin ló ni pálọ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ ni mo sì ti jẹun dàgbà. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ìyá Ìjọ, èmi náà kò sì pè é ní nǹkan mìíràn rí. Bí ẹ bá wọ pálọ̀ yẹn, kí ẹ tó rí àga tí ẹ ó jókòó sí ni ojú yín yóò ti bá kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan tó gba ìdajì ògiri. Ife ló kún inú rẹ̀ bámúbámú: ife tánganran, ife gíláàsì, ife onírin tí wọ́n kùn ní ọ̀dà funfun, jọ́ọ̀gì oríṣiríṣi. A kì í fi wọ́n mu omi. Ọmọ tó bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn láìgbàṣẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ á sọ fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìjẹ̀bú dáadáa, ẹ ti mọ irú ife tí mò ń wí. Kò sí òkú àgbà, kò sí oyè jíjẹ, kò sí ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún tí a ṣe nílẹ̀ wa tí a kì í pín nǹkan fún àlejò. Abọ́ ni, tíréè ni, ike ni, ife ni. Lára ife náà ni wọ́n ń tẹ àwòrán ẹni tí a torí rẹ̀ péjọ sí, bàbá arúgbó pẹ̀lú fìlà abetí-ajá, ìyá arúgbó pẹ̀lú gèlè tó ga bí òkè, ọjọ́ tí wọ́n bí i, ọjọ́ tó kú, àti orúkọ àwọn ọmọ tó náwó. (Ti orúkọ àwọn ọmọ tó náwó yìí, wọn kì í gbàgbé rẹ̀ láéláé.)

Ìyá Ìjọ a máa kó wọn jọ. Bó bá ti òde dé, á bọ́ bàtà, á fọ ife tuntun náà, á nù ún, á wá àyè fún un láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá bi í pé mélòó ni wọ́n, kò mọ iye wọn. Orúkọ wọn ló mọ̀. "Èyí ni ìyá oníṣọ́ọ̀bù Àtìkòrí." "Èyí ni bàbá oní-sọ́mìlì tó dá wa láwìn pákó tí a fi kan òrùlé tó wà lórí yín yìí." "Èyí ni ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ra obì nínú oko, kó tó di pé ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún." Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ni ife Kuìnì Elizabeth, tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n dé e ládé ní 1953. Ìyá tó bí i ló fi sílẹ̀ fún un.

Ní ọjọ́ tó bá gbẹ̀yìn ọdún, a ó kó gbogbo wọn sílẹ̀, a ó gbé ọpọ́n omi ọṣẹ wá, a ó sì máa fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí a kórìíra jù lọ nìyẹn nígbà tí a wà lọ́mọdé, nítorí pé ìyá kì í jẹ́ kí ènìyàn fọ ife kan kó dákẹ́. Bí ife bá ti wà lọ́wọ́ rẹ, o ní láti sọ ẹni tó jẹ́. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, òun á sọ fún ọ, ọ̀rọ̀ náà á sì gùn.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ bẹ̀rẹ̀ ní December 2019. Àbíkẹ́yìn ìyá yìí ti Amẹ́ríkà dé. Ọmọ tó kàwé ni. Àgọ́-Ìwòyè nibẹ̀ yẹn ló ti jáde, nígbà tí Yunifásítì náà ṣì ń jẹ́ Ogun State University, kó tó di Ọlábísí Ọnàbánjọ ní 2001. Ó mọ̀ pé ìyá òun fẹ́ràn ife, ló bá gbé ife kan wá fún un, ó fi aṣọ wé e dáadáa kí bàálù má baà fọ́ ọ.

Nígbà tí a tú u, ẹnu yà wá. Ife tánganran tó ní àwọ̀ igi ni. Orí ènìyàn ni, tàbí kí n ní orí ẹbọra. Ojú rẹ̀ ràn, imú rẹ̀ fẹ̀, ẹnu rẹ̀ ya gbàgà bí ẹni tó ń bú ará ilé. Àtàrí rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ tí wọ́n ń da ọtí sí. Àbúrò mi ní ju ọgọ́ta lọ irú rẹ̀ ni òun ní nílé. Ó ní àwọn ènìyàn ń ṣa wọ́n jọ káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi wọ́n ṣe pààrọ̀, wọ́n sì ń ná owó gidi lórí àwọn ti àtijọ́.

Ìyá yí ife náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní, "Orí ta ni?"

"Kì í ṣe orí ẹnì kankan, Màámi. Tiki ni wọ́n ń pè é. Eré ni."

"Tiki ọmọ ta?"

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. "Òrìṣà àwọn ará erékùṣù kan ni, lókèèrè réré. Ilé ọtí ni wọ́n ti ń lò ó."

"Ṣé àwọn tó ni òrìṣà náà mọ̀ pé ẹ fi ń mu ọtí?"

Kò sí ẹni tó lè dáhùn. Ìyá wá ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti ṣe ìrìbọmi ni mo ti kọ òrìṣà bàbá mi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n n ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó súre fún un, ó fi ìwé ìròyìn wé ife náà, ó sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò wọ kọ́bọ́ọ̀dù.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí èmi àti àbúrò mi jókòó síta, inú rẹ̀ kò dùn rárá. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo orí òkú tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Màámi. Orí Kuìnì pàápàá wà níbẹ̀. Kí ló wá dé tí orí tèmi fi burú?" Èmi gbè é lẹ́yìn. Mo ní ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni, kó fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò fi èmi sílẹ̀, ó ti di ọdún bíi mélòó kan báyìí. Orí ta ló tọ́ kí ènìyàn fi mu ọtí, orí ta ni kò sì tọ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ife náà ṣe dáyé. Láti 1920 títí di 1933 ni òfin fi ka ọtí léèwọ̀ ní Amẹ́ríkà. Bí òfin náà ṣe kúrò nílẹ̀ ni ilé ọtí hù bí olú. Ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Donn Beach ṣí tirẹ̀ sí Hollywood, ó fi ọparun, àwọ̀n apẹja àti imọ̀ ọ̀pẹ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì ń po ọtí rọ́ọ̀mù mọ́ omi èso. Ní 1934, Victor Bergeron ṣí tirẹ̀ sí Oakland, òun ló padà di Trader Vic's. Lẹ́yìn ogun Hitler, àwọn sójà Amẹ́ríkà tó ti jà ní erékùṣù Òkun Pàsífíìkì padà sílé pẹ̀lú ìtàn lẹ́nu. Ní 1959, Hawaii di ìpínlẹ̀ kan lára Amẹ́ríkà. Nígbà yẹn gan-an ni ife olórí òrìṣà gbòde. Ilé iṣẹ́ ní Japan ló ń mọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Oníbàárà á mu ọtí tán, á gbé ife lọ sílé, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìyọ̀ǹda, nígbà mìíràn lábẹ́ kóòtù. Àṣà náà tún rọlẹ̀, ó di ohun àná, àwọn ife wọ inú páálí. Ẹ̀yìn náà ni àwọn ọ̀dọ́ tún wá hú wọn jáde, wọ́n ń ṣa wọ́n jọ bí a ṣe ń ṣa owó ẹyọ.

Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi. Nígbà tó padà sí Amẹ́ríkà, ìbéèrè ìyá rẹ̀ dùn ún dé ibi pé ó lọ kàwé. Ó pè mí lórí fóònù lóru ọjọ́ kan, ó ní, "Bọ̀dá mi, mo ti mọ orúkọ ẹ̀." Ó ní nínú ìtàn àwọn Maori ti New Zealand, Tiki ni ọkùnrin àkọ́kọ́, ní erékùṣù Marquesas, ère ènìyàn tí wọ́n gbẹ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tó wà lára ife tó gbé wálé, ojú Kū ni wọ́n wò mọ ọn, òrìṣà ogun ní Hawaii. Kí ẹ kàn fọkàn sí Ògún.

Ní 1819, Kamehameha, ọba tó so gbogbo Hawaii pọ̀ di ọ̀kan, wàjà. Láàárín oṣù díẹ̀, ọmọ rẹ̀ Liholiho jókòó ní gbangba, ó bá àwọn obìnrin jẹun, ohun tó jẹ́ èèwọ̀ ńlá nílẹ̀ wọn. Bí èèwọ̀ náà ti já nìyẹn. Wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n wó ojúbọ, kí wọ́n sun ère. Ẹ má rò pé míṣọ́nnárì ló fà á o. Àwọn míṣọ́nnárì kò tíì dé, ọdún 1820 ni wọ́n dé. Nínú àwọn ère Kū ńláńlá tó wà ní ojúbọ nígbà náà, mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù lónìí: ọ̀kan wà ní British Museum ní London, ọ̀kan wà ní Salem ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan wà ní Honolulu. Ní 2010, wọ́n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ sí Honolulu kí àwọn ọmọ onílé lè rí wọn lójú kan.

Ère mẹ́ta. Ife kò níye.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gún mi lọ́kàn nìyẹn. Ènìyàn lè ní, àwọn ọmọ Hawaii fúnra wọn ló sun ère wọn, kí ni tiwa? Ìyá Ìjọ náà kọ òrìṣà bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tu ohun tó ń bọ ká, ọ̀tọ̀ ni kí àlejò gbé eérú rẹ̀, kó pò ó mọ́ amọ̀, kó fi mọ ife, kó máa pa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín.

Orí ènìyàn tí wọ́n sọ di ohun èlò kì í ṣe ohun tuntun ní etílé wa níbí. Àga Ghezo, ọba Dahomey, agbárí ènìyàn mẹ́rin ló gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Richard Burton, òyìnbó tó lọ sí Abomey ní 1863, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun rí agbárí àwọn olórí ìlú tí Dahomey ti ṣẹ́gun, tí wọ́n fi idẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ rántí pé Ìṣàgà, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, ọwọ́ Dahomey ló bọ́ sí ní 1862. Ọ̀rọ̀ tí irú agbárí bẹ́ẹ̀ ń sọ kò ṣòro túmọ̀: mo ti borí rẹ, o kò tún lè sọ̀rọ̀ mọ́, ohun tó wù mí ni n ó fi ọ́ ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ má yára dájọ́. Ní ilẹ̀ Kóńgò, àwọn ẹ̀yà Kuba a máa fi igi gbẹ́ ife ẹmu ní àwòrán orí ènìyàn, irun rẹ̀ á gún, ojú rẹ̀ á tutù. Orí ẹni ẹ̀yẹ ni, ọkùnrin tó bá sì gbé irú ife bẹ́ẹ̀ jáde láwùjọ, ẹni pàtàkì ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà, ní Staffordshire, láti nǹkan bí 1760 sí iwájú, ń mọ jọ́ọ̀gì kan ní àwòrán ọkùnrin sísanra tó dé fìlà onígun mẹ́ta, tó gbé ọtí lé itan. Toby ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá ti rí i ẹ ó rẹ́rìn-ín, àwọn tó mọ ọ́n náà sì ń rẹ́rìn-ín. Ara wọn ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọmọ ìyá méjì bá ń bú ara wọn, ta ni yóò pe ọlọ́pàá?

Nítorí náà, kì í ṣe pé ife ní ojú ló burú. Èmi tiẹ̀ rò ó títí, mo rántí etí omi. Ọkọ Ìyá Ìjọ, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ará ìhà Ìwopin ni, ní Ogun Waterside. Bí a bá lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ nígbà ìsinmi, a ó rí àwọn bàbá tí wọ́n jókòó yí akèrègbè ògùrọ̀ ká. Ahá kan ṣoṣo ló ń yípo láàárín wọn. Ẹni tó bá gbà á á ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ, á mu tirẹ̀, á gbé e fún ẹni tó kàn. Ahá kò ní ojú. Kò sì nílò rẹ̀, ojú wà níbẹ̀ yí i ká, ojú ààyè àti ojú òkú tí wọ́n ta ọtí sílẹ̀ fún. Ó jọ mí lójú pé nígbà tí ènìyàn bá ń dá mu ọtí nínú yàrá tirẹ̀ ni ó máa ń wù ú kí ife ní ojú. Bóyá mo ṣìnà. Àbúrò mi dá gbé ilé ńlá kan níbẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ibòmíràn. Nígbà FESTAC ní 1977, Nàìjíríà fẹ́ yá ojú Ìyá Ọba Idia, èyí tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ láti Benin ní 1897. British Museum kò yọ̀ǹda rẹ̀. A gbẹ́ òmíràn, a sì lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan: aṣọ, báàjì, àsíá. Ife tó ní i lára wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Ìyá Ìjọ, ní ẹ̀gbẹ́ ife Kuìnì (ìyá náà ló tò wọ́n bẹ́ẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ó ní ohun tó ń rò lọ́kàn). Idia, ìyá Ọba Esigie, kì í ṣe ìyá ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú. Kí ló dé tí ara kò fi ta wá? Nítorí pé a kò fi rẹ́rìn-ín. Ìbínú ni a fi gbé e sára ife, àti ìgbéraga. Ẹni tó bá gbé ife yẹn lọ́wọ́ ń sọ pé tiwa ni, ẹ kó o fún wa.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń bínú sí mi báyìí. Á ní, tí ẹni tó ni nǹkan bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tà á ńkọ́? Òótọ́ ni. Ní Kóńgò kan náà, létí òkun, amọ̀kòkò kan wà tó ń jẹ́ Voania, baálẹ̀ abúlé Muba. Ó kú ní 1928. Ìkòkò tí ère ènìyàn jókòó lé lórí ló ń mọ, òyìnbó ló sì ń tà wọ́n fún. Kò sí ojúbọ kankan tó ń dúró dè wọ́n. Ọjà ni. Ṣùgbọ́n Voania a máa kọ orúkọ rẹ̀ sára ìkòkò rẹ̀. Òyìnbó tó gbé e sílé kò lè sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kankan. Àwọn agbẹ́gilére wa tó ń gbẹ́ ìbejì fún àwọn àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì, n kò lè dá wọn lẹ́bi. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tó ni ín ló tà á. Ní ti Kū ńkọ́? Ta ló tà á? Ta ni wọ́n san owó fún?

Ó dára. Mo ti fi ìka tọ́ka sí Amẹ́ríkà títí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú pálọ̀ tèmi.

Ní Òkè-Ọdàn, ní ilẹ̀ Yewa, ìyá amọ̀kòkò kan wà tó ń jẹ́ Àbátàn. Ó kú ní 1967. Òkìkí rẹ̀ kàn dé ilẹ̀ òkèèrè nítorí awo ọta Ẹ̀yìnlẹ̀ tó ń mọ: ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ń kó omi àti òkúta odò sí fún òrìṣà náà, tí ìdérí rẹ̀ ní ère obìnrin lórí. Kì í ṣe òun nìkan ló ń mọ ọ́n. Ọ̀pọ̀ ìyá ló mọ iṣẹ́ náà lágbègbè yẹn. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, mo ra irú ìdérí bẹ́ẹ̀ kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ta ère lẹ́bàá ọ̀nà ní Èkó. Ìdérí nìkan, kò sí ìkòkò. Ó ní láti ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ni. N kò bi í pé báwo ló ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀, obìnrin orí rẹ̀ sì rẹwà, ó wolẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan. Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù tí mò ń kó ìgò ọtí sí.

Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ mi kan mú ọ́pínà tí a fi ń ṣí bíà, ó so okùn mọ́ ọn, ó fi kọ́ obìnrin náà lọ́rùn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí àlejò bá fẹ́ ṣí ìgò, a ó ní, "Lọ gbà á lọ́wọ́ Ìyáwó." Ó tó ogún ọdún tí a fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo gbé àwàdà yìí sílé mi lóru àti lọ́sàn-án, tí mo jẹ́ ọmọ Yorùbá, tí mo mọ̀ pé ìyá ẹnì kan ló fi omi odò kún inú ìkòkò tí ìdérí yìí bò, tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, tó tọrọ ọmọ.

Òfin 77 ti 1979 wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, nípa nǹkan àtayébáyé. Kò sí ẹni tó láṣẹ láti ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà bí ìjọba kò bá yàn án sípò tó fi lè rà á, ohun tí wọ́n bá sì ti lò níbi ìbọ wà lára ohun tí òfin náà ń dáàbò bò. Mo gbọ́ nípa òfin náà kí n tó ra ìdérí mi. Kí n má purọ́ fún yín, òfin náà kò dí mi lọ́wọ́. Ìbéèrè ìyá arúgbó kan ní Òkè-Sopin ló já mi láyà, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló sì dojú ìbéèrè náà kọ. Nígbà tó ní, "Ṣé àwọn tó ni òrìṣà náà mọ̀?" tí ojú àbúrò mi wálẹ̀, èmi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí mo délé ní Èkó ni mo gbé ojú sókè, mo rí Ìyáwó pẹ̀lú ọ́pínà lọ́rùn rẹ̀.

Mo yọ okùn náà. Ohun tí mo ṣe ní ọjọ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀, mo sì sọ fún ara mi pé èmi kúkú mọ orúkọ Ẹ̀yìnlẹ̀, àbúrò mi kò mọ orúkọ Kū. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ó sọ fún mi pé òun kò fi àwọn ife náà mu nǹkan mọ́. Ó kọ orúkọ ohun tí ojú kọ̀ọ̀kan dúró fún sórí páálí pélébé síwájú rẹ̀, níbi tó ti rí i mọ̀. Ogún péré ló rí mọ̀ nínú ọgọ́ta. Ogójì yòókù, ó ní ó dà bíi pé ẹni tó mọ wọ́n kàn fi ojú inú dá wọn ni, wọn kì í ṣe ẹnì kankan lóòótọ́. Mo bi í pé ṣé ìyẹn wá dára ju ti Kū lọ. Ó ní, "Bọ̀dá mi, mo rò pé ó burú jù." N kò tíì mọ ìdáhùn tí mo lè fún un. Orí tí kò ní olórí, tí wọ́n ṣe kìkì kí àwọn ará òkèèrè lè dà bí ẹni ẹ̀rín! Kò sí ẹni tí a lè bẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí a ṣẹ̀ ní pàtó.

Ìyá Ìjọ papò dà ní ọdún tó kọjá, ó lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́, a rí ife náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú ìwé ìròyìn tó fi wé e. Kò sí eruku lára rẹ̀. Ìwé ìròyìn náà kì í ṣe ti 2019. Ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ ní lọ́dọọdún, bí ìyá bá ti fọ àwọn ife kọ́bọ́ọ̀dù tán, a máa wọ yàrá lọ, á fọ èyí náà, á wá ìwé ìròyìn tuntun wé e. Ó ní nígbà tí òun bi í pé kí ló ń sọ fún un nígbà tó ń fọ̀ ọ́, torí pé kò mọ orúkọ rẹ̀, ìyá ní òun kàn ń sọ fún un pé, "Má bínú."

Ìsìnkú ti kù sí dẹ̀dẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ ti péjọ lórí fóònù, àwọn ti London, ti Amẹ́ríkà àti àwa ti ilé. Ọ̀rọ̀ kan ife. Ẹnì kan ní kí a ṣe irinwó, kí a tẹ àwòrán rẹ̀ tó ya ní ọjọ́ tí wọ́n fi jẹ Ìyá Ìjọ sí i. Ẹlòmíràn ní ṣé a rántí ọ̀rọ̀ tí ìyá sọ nípa orí àti ọtí. Ó ní inú ilé ọtí ni àwọn ife náà yóò parí sí. Wọ́n jà díẹ̀. Wọ́n wá ní kí èmi tí mo dàgbà jù dá a.

Mo ní kí wọ́n ṣe igba, kì í ṣe irinwó, iye tó jẹ́ pé àwa tó mọ̀ ọ́n lè fi ọwọ́ ara wa fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àbúrò mi ní kí a jẹ́ kí òun gbé Kū padà lọ́wọ́. Ó ti kọ lẹ́tà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Honolulu láti béèrè ohun tó yẹ kí ènìyàn fi irú ife bẹ́ẹ̀ ṣe. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má sì dáhùn. Ní tèmi, mo ti fi aṣọ àlà wé ìdérí náà. Bí a bá ti sin ìyá tán, ọkọ̀ Òkè-Ọdàn ni mo fẹ́ wọ̀. N ó béèrè ilé àwọn amọ̀kòkò, bí wọ́n bá ṣì wà, n ó gbé e kalẹ̀ níwájú àgbà tí mo bá bá níbẹ̀, n ó sì sọ bó ṣe dé ọwọ́ mi, ti ọ́pínà náà pẹ̀lú.